Orí Keje: Ààbò Adìẹ Ilé Lọ́wọ́ Àwọn Ọ̀tá Òru

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn tí ó ń gbé agbo ilé wa, kò sí èyí tí ó wúlò fún wa nígbàkúùgbà tó adìẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú tó o. Òun ni à ń pa fún àlejò tí kò ránṣẹ́ kí ó tó dé. Òun ni ìyá àgbà ń tà nígbà tí owó ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá dé tí kò sí lọ́wọ́. Òun ni à ń fi ṣètùtù, òun náà ni à ń fi ṣọdún. Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ pàápàá kò fi í sẹ́yìn, nítorí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni àwọn baba wa sọ pé ó tan erùpẹ̀ ká ojú omi títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ewúrẹ́ méjì a wá okùn àti ọgbà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ogún adìẹ a fi wọ́n sílẹ̀ fún àjà ilé ìdáná, ẹ̀yìn àdògán àti ẹ̀ka igi mángòrò, kí olúkúlùkù wá ibi tí yóò forí lé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, tí iye wọn kò sì pé mọ́, aládùúgbò ni a óò kọ́kọ́ fura sí.

A kò ní sọ̀rọ̀ àwòdì nínú orí yìí. Òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ni ó mọ àṣá. Ìyá náà ń rí ọ̀tá lókèèrè, ó ń kígbe, ó ń kó àwọn ọmọ sábẹ́ ìyẹ́. Ti òru kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé lóru ìyá pàápàá kò ríran, gbogbo ìṣọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe sì ti di iṣẹ́ ẹni tí ó ni ín.

Ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún adìẹ

Ojú tí adìẹ fi ń rí èèrà kan ṣoṣo nínú iyanrìn lọ́sàn-án, tí ó sì fi ń mọ àwọ̀ kan yàtọ̀ sí èkejì ju bí ojú ènìyàn ti lè mọ̀ ọ́n lọ, ojú tí a dá fún oòrùn ni. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú: èyí tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, àti èyí tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá ku ìba díẹ̀, ti àkọ́kọ́ pọ̀ rẹpẹtẹ lójú adìẹ, ti èkejì kéré. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, àkùkọ gàgàrà tí ń lé ajá kúrò lẹ́nu oúnjẹ lọ́sàn-án a di aláìlólùgbèjà. Bí a bá gbé e kúrò níbi tí ó bà lé, kì í sá. Ibi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí ni yóò lóṣòó sí. Àwọn ìyá ọlọ́jà mọ èyí dájú, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í lé adìẹ tí wọ́n fẹ́ tà káàkiri agbo ilé lọ́sàn-án, tí wọ́n ń dúró de àṣálẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ mú un. Ohun tí ó rọrùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ni adìẹ, ó rọrùn fún ẹtà pẹ̀lú.

Ẹyẹ igbó tí adìẹ ti ṣẹ̀ wá ṣì wà nínú igbó ilẹ̀ Íńdíà, Thailand àti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì wọ́n, orí igi ni ó sì ń sùn títí di òní. Ogún yìí ni adìẹ ìbílẹ̀ wa jẹ tí ó fi ń wá ibi gíga lọ nígbà tí adìẹ bá ń wọ̀. Ogún náà dára fún ẹyẹ tí ó fúyẹ́, tí ẹranko orí ilẹ̀ nìkan ń dẹ̀rù bà. Ṣùgbọ́n adìẹ agíríìkì tí ó wúwo kò lè fò débẹ̀, èyí tí ń sàba kò lè fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, òròmọdìẹ kò sì tíì hu ìyẹ́ tí yóò fi fò. Igi pàápàá kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé pátápátá, bí a óò ti rí i, nítorí pé kì í ṣe adìẹ nìkan ni ó mọ igi í gùn.

Àwọn ọ̀tá náà àti àmì ọwọ́ wọn

Orúkọ àwọn ẹranko tí a fẹ́ sọ yìí ń yí bí ìlú ti ń yí. Èyí tí àwọn kan ń pè ní akátá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni lẹ́nu àwọn mìíràn. A kò sì ní torí orúkọ pera wa lẹ́jọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti mọ̀, nítorí pé òwúrọ̀ ni a sábà ń bá òkú adìẹ, a kì í bá ẹni tí ó pa á níbẹ̀.

Ẹtà ni a óò fi ṣáájú, ẹtà olóòórùn, arìn-lóru-má-gbé-fìtílà. Ó tó ajá ní títóbi, irun rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú tí ó ní àmì dúdú tótòtó, ojú rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tí ó lé tìróò tí ó fi kọjá ààlà. Orí ilẹ̀ ni ó ń rìn. Gígun igi kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹran nìkan ni ó ń jẹ, ó ń jẹ èso, kòkòrò, ọ̀pọ̀lọ́, eku, àní ejò pàápàá, a sì máa yàgbẹ́ sí ojú kan náà léraléra, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá rí òkìtì ìgbẹ́ tí ó kún fún kóró èso àti ìyẹ́ ní etí igbó ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti mọ ẹni tí ń kọjá níbẹ̀ lóru. Bí ó bá mú adìẹ, a gbé e lọ; ìyẹ́ tí ó já sílẹ̀ lọ́nà igbó ni à ń fi tọpasẹ̀ rẹ̀.

Ẹranko kan tún wà tí ó kéré ju ẹtà lọ, tí ó rí bí ológbò tí a fà gùn, tí ara rẹ̀ kún fún tótòtó dúdú, tí ìrù rẹ̀ gígùn sì ní òrùka dúdú àti funfun láti ìdí dé orí. Èyí ni ó sọ orí igi di ibi ewu, nítorí ó ń gun igi, ó ń rìn lórí òrùlé, ihò tí orí rẹ̀ bá ti gbà, ara rẹ̀ yóò gbà á. Ọrùn ni ó ń bù jẹ. Bí ó bá bọ́ sínú ilé tí adìẹ mẹ́wàá wà, ó lè pa márùn-ún kí ó sì jẹ orí ẹyọ kan péré. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ìkà ni, tàbí pé ẹni tí ó rán an ni ó fẹ́ kí ó pa gbogbo rẹ̀, àṣìsọ ni. Nínú igbó, bí ẹranko bá mú ẹyẹ kan, ìyókù a fò lọ, iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ a sì parí. Nínú ilé tí a tì, ìyókù kò rí ibi fò lọ, wọ́n ń lu ìyẹ́ wọn mọ́ ògiri níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ní gbà á láti dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ń lu ìyẹ́. Ajá tí ó ya ìpáǹle náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmì tirẹ̀ ni pé kì í jẹ èyí tí ó bá pa, a kàn fà wọ́n ya sílẹ̀ káàkiri àgbàlá.

Bí adìẹ bá pòórá tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí ìyẹ́, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, ejò ni kí a ronú kàn. Odindi ni ejò ń gbé ẹran mì. Sèbé ń wá ẹyin àti òròmọdìẹ; òjòlá àti erè ni agbára wọn ká adìẹ tí ó ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń bá ejò náà nínú ilé adìẹ lówùúrọ̀, nítorí ihò tí ó gbà wọlé pẹ̀lú ikùn òfìfo kò gba ikùn tí ó ti yó mọ́. Nítorí èyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ọwọ́ bọ inú ìtẹ́ adìẹ nínú òkùnkùn. Irú sèbé kan wà tí ń tu oró sí ènìyàn lójú láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, omi tí ó mọ́ ni kí a fi fọ ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ewé, kì í ṣe epo.

Eku ilé ń fa òròmọdìẹ wọ ihò, ó sì ń gé ìka ẹsẹ̀ adìẹ àgbà jẹ nígbà tí ó bá ń sùn. Ṣùgbọ́n ibi tí ó burú sí jù ni pé eku ni ó ń pe ejò wá. Ọkà tí a fi sílẹ̀ nínú ilé adìẹ mọ́jú ni ó pe eku. Eku gbẹ́ ihò, òkété náà gbẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ ògiri. Ejò tẹ̀ lé òórùn eku gba ihò kan náà wọlé. Bí ó bá sì débẹ̀ tí kò bá eku, yóò bá adìẹ. Ẹni tí ó bá ń pa ejò lọ́dọọdún nínú ilé adìẹ rẹ̀ tí kò gbá ilẹ̀ ibẹ̀ lálẹ́ ń ṣe làálàá lásán.

Òwìwí ni wọ́n sábà ń dá lẹ́bi tí kò jẹ́ gbèsè. Nítorí pé ó ń ké lóru, tí àwọn ènìyàn sì ka igbe rẹ̀ sí ti ẹyẹ àjẹ́, wọn a sọ ọ́ lókò, wọn a fọ́ ẹyin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, eku ni oúnjẹ òwìwí tí ń gbé òrùlé ilé, àǹfààní ni ó sì jẹ́ fún ẹni tí ń sin adìẹ. Kí a fi í sílẹ̀.

Ìjàlọ

A yà á sọ́tọ̀ nítorí pé ọ̀tá yìí kò jọ èyí tí ó ṣáájú. Ìjàlọ, ogun aláìlójú tí ń lé olójú kúrò nílé: àràádọ́ta ọ̀kẹ́ wọn lè wà nínú agbo kan, àwọn òṣìṣẹ́ inú wọn kò ní ojú rárá, òórùn àti ìfarakàn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà, wọ́n sì fẹ́ràn òru àti ilẹ̀ tí òjò ti rin. Adìẹ tí ó bà sórí igi lè rí àyè fò. Èyí tí a dé mọ́ inú àgò, èyí tí ń sàba, àti òròmọdìẹ kò rí ibi sá sí. Wọ́n ń gba ojú àti ihò imú wọlé. Ohun tí a ń bá lówùúrọ̀ ni ìyẹ́ àti egungun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, nítorí ilé tí a tì gbọn-in nítorí ẹtà ni adìẹ kò lè jáde nínú rẹ̀ nígbà tí ìjàlọ bá dé. Ẹni tí ó bá ronú lórí ẹtà nìkan kọ́ ilé tí ó dára fún ìdajì òru. Ọ̀nà tí ó dájú ni pé kí ilé adìẹ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú agolo tí omi àti òróró ẹ̀ńjìnnì tí a ti lò wà nínú rẹ̀, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ewé kan tí ó jábọ́ sínú agolo tó láti di afárá fún wọn. Bákan náà ni kí ẹ̀ka igi tàbí koríko kankan má ṣe kan ara ilé náà. Eérú gbígbẹ tí a dà yí ilé ká ń dá wọn dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kan ni yóò gbá a lọ. Bí wọ́n bá ti wọlé ná, kí a má ṣe fi àkókò wá ibi tí wọ́n ti wá. Ilẹ̀kùn ni kí a ṣí, kí a kó adìẹ jìnnà, kí a máa ṣa ìjàlọ kúrò lójú àti nímú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọn kì í já bọ́ fúnra wọn. Ó tọ́ kí a sọ òdodo nípa wọn pẹ̀lú: ilé tí wọ́n bá kọjá nínú rẹ̀, aáyán, àkekèé àti eku ibẹ̀ a tán, àwọn fúnra wọn a sì bá ọ̀nà wọn lọ.

Kíkọ́ ilé adìẹ

Àwọn baba wa kò fi adìẹ sílẹ̀ láìṣe nǹkan. Àgò tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọwọ́ ọ̀pẹ hun wà, ilé amọ̀ kékeré tí a fi òkúta dí lẹ́nu náà wà. Àgò dára fún ìyá adìẹ àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì dára lóru bí a bá gbé e wọ inú ilé tí ènìyàn ń sùn. Bí a bá fi í sílẹ̀ lóde, ẹtà yóò fi imú tì í dànù. Ilé amọ̀ tutù, ó sì lágbára, àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń sán, atẹ́gùn kì í sì í tó nínú rẹ̀, tí iná adìẹ fi ń bí sí i nínú òkùnkùn ibẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, kì í ṣe òwe lásán ni èyí, ìwọ̀n ni. Ìdajì ínṣì ni ìwọ̀n náà. Ihò tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, eku tàbí ejò kékeré lè gbà á.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ gbangba pé nẹ́ẹ̀tì onírin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún ilé adìẹ, èyí tí ihò rẹ̀ ní igun mẹ́fà, kò ṣe ohun tí àwọn ènìyàn rò pé ó ń ṣe. Ó ń dá adìẹ dúró kí ó má jáde. Kò dá ọ̀tá dúró kí ó má wọlé. Ajá ń fi eyín fà á ya, ejò ń gba ihò rẹ̀, ẹranko olóòrùka ìrù a sì na ọwọ́ gba inú rẹ̀ fa orí adìẹ tí ó sùn tì í. Èyí tí a óò lò ni wáyà líle tí a fi iná jó pọ̀ ní gbogbo ibi tí ó ti dábùú ara, tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì ínṣì lọ. Ó wọ́n ju ti ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n kò di dandan kí a fi ṣe gbogbo ògiri. A lè fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù ṣe ìsàlẹ̀, kí a fi wáyà yìí bo ojú fèrèsé àti àlàfo abẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn yóò máa gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ẹ̀rù ọ̀tá dí gbogbo àlàfo pa, nítorí ooru àti òórùn ìmí adìẹ tí ń ta ni lójú ń pa adìẹ pẹ̀lú, àìsàn ni wọ́n sì fi ń pa á. Etí wáyà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìṣó nìkan ni ó dì í mú. Pákó pẹlẹbẹ ni kí a fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi.

Bí ilé bá jókòó sórí ilẹ̀, ẹranko tí ń gbẹ́lẹ̀ ni kí a dènà. A lè ri wáyà mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1 yí ilé ká, tàbí kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 síta láti ẹsẹ̀ ògiri, kí a fi erùpẹ̀ bò ó. Èkejì ni àwa fara mọ́, nítorí pé ẹsẹ̀ ògiri ni ẹranko ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, kò ní ọgbọ́n láti sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì kéré fún ẹni tí ń fi ọkọ́ ṣe é. Bí ilé bá wà lórí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 láti ilẹ̀ tó, kí àyè fi wà láti gbá abẹ́ rẹ̀. Nínú ilé, ọ̀pá tí adìẹ yóò bà lé kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ, kí adìẹ kọ̀ọ̀kan sì ní ínṣì 8 sí 10 lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni ó kẹ́yìn, òun sì ni ó ń kùnà jù: kí ó lẹ̀ mọ́ férémù yípo, kí ó ní ìdábùú tí kò lè ṣí fúnra rẹ̀, kí àgádágodo sì wà lára rẹ̀, nítorí òru ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, bí ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì bá sì ti ń sún mọ́, olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì a pọ̀ ju ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ.

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́

Ilé tí ó dára jùlọ tí a kò tì ní àkókò kò sàn ju àìní ilé lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:30 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́ yípo ọdún, adìẹ a sì ti máa wá ibi wọ̀ ṣáájú èyí. Adìẹ tuntun ni kí a tì mọ́lé fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kí ó lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo tí a bá ń fọ́n sínú ilé náà ní àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni yóò máa pè wọ́n wọlé, a kò sì ní máa fi òkúta lé wọn láti orí igi. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán, kí a gbá ìyókù ọkà, kí a kó ẹyin, kí a tan iná tọ́ọ̀ṣì sí igun kọ̀ọ̀kan àti inú ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a kà wọ́n, kí a tó tì í. Ọmọ tí a bá fi iṣẹ́ yìí rán gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ti dàgbà tó láti mọ ejò yàtọ̀ sí okùn.

Ajá tí a tọ́ dáadáa wúlò. Ẹtù náà wúlò, nítorí pé igbe rẹ̀ kì í jẹ́ kí ilé sùn bí àjèjì bá dé. Iná sólà tí ń tàn tí ó ń kú ń ba ẹranko lẹ́rù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a mọ̀ pé kò já mọ́ nǹkan. Ní ti pàkúté, ológbò aládùúgbò àti ajá ẹni ni ó sábà ń mú. Ní ti ẹran tí a fi oògùn apakòkòrò sí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò, nítorí oògùn náà kò mọ ẹni tí a dẹ ẹ́ sílẹ̀ fún, ó lè pa ajá, ó lè pa igún, ó sì lè pa ọmọ tí ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé.

Bí ọ̀tá bá ti pa adìẹ lóru kan, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó padà wá lóru kejì, nítorí ó ti mọ ọ̀nà. Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ní ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ihò tí akátá gbà ni a óò kọ́kọ́ wá, kí a dí i ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pákó àloku ni a rí, kí a sì kó adìẹ tí ó kù sùn sínú ilé ìdáná ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣí Orí Kẹjọ, kí ó wá ilé adìẹ kan ní agbègbè rẹ̀, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, kí ó mú rúlà dání, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ẹsẹ̀ ògiri dé abẹ́ òrùlé. Gbogbo ihò tí ó bá ju ìdajì ínṣì lọ ni kí ó kọ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọ̀tá tí ó lè gba ibẹ̀ wọlé. Kí ó fi ìwé náà han onílé, kí ó sì bá a dí àwọn ihò náà kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.